Láti Wíwa Ọkọ̀ Dé Wíwá Orúkọ: Àádọ́rùn-ún Ọdún Ẹgbẹ́ Àwọn Awakọ̀ Bentley

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dàgbà tó láti rántí ayé bọ́lẹ̀kájà, tí ó ti jókòó lórí pákó gbọọrọ inú rẹ̀ láti Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí ewúrẹ́ ń ké lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí omi tòmátì sì ń jò sí i lórí itan, kò ní fẹ́ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé òun bí ọkọ̀ ti lè gba ara rẹ̀ níbì kan kí ó sì gba aṣọ rẹ̀ níbòmíràn. Ẹ́ńjìnnì àti egungun ọkọ̀ Bedford tàbí Austin ni ọkọ̀ òkun ń já sí èbúté. Káfíńtà ilẹ̀ wa ni ó ń kan pákó lé e lórí, tí akunlé sì ń kọ òwe tàbí àdúrà sí iwájú rẹ̀. Bí pákó náà bá jẹrà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọn a ya á dànù, wọn a kan òmíràn, wọn a sì kùn ún ní ọ̀dà tuntun; síbẹ̀ ọkọ̀ kan náà ni, nítorí egungun abẹ́ rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣásí, kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni nọ́mbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin náà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ ọ́ kò yí padà.

Ohun tí ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu ni pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn, àfi pé awọ ni wọ́n fi ń tẹ́ inú tiwọn dípò pákó. Ọkùnrin tí owó bá yọ̀ǹda fún a lọ ra ṣásí tí ẹ́ńjìnnì wà lórí rẹ̀, tí kò ní ìjókòó, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní òrùlé, a sì mú un tọ akanbọ́dì lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ra aṣọ òkè tán tí ó wá ń wá télọ̀. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, ni àwọn baba wa wí. Nítorí náà bọ́dì ni ayé ń wò, bọ́dì ni ayé ń yìn, kò sì sí ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ka nọ́mbà ara irin, títí di ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́.

Ní 1936 ni àwọn kan dá Bentley Drivers Club sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a lè pè ní Ẹgbẹ́ Àwọn Awakọ̀ Bentley. Ọdún 2026 ni ó pé 90 ọdún. Ohun kan ni ó wú mi lórí nínú ìtàn rẹ̀ tí mo fi mú kálámù: ẹgbẹ́ tí ó fi wíwa ọkọ̀ ṣe orúkọ, tí kò ka ìwé sí nǹkan kan nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, òun náà ni ó wá di ẹgbẹ́ tí ń wá orúkọ ọkọ̀ kiri, tí ń tún àkọsílẹ̀ tí ó wọ́ ṣe, tí ìjọba ilẹ̀ náà sì ń gba ẹ̀rí rẹ̀.

Irin Kí Aṣọ Tó Dé: 1919 sí 1931

Walter Owen Bentley, tí gbogbo ayé ń pè ní W.O., kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí mọ́tò. Ilé iṣẹ́ rélùwéè ní Doncaster ni ó ti kọ́ṣẹ́, nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin, ó sì hàn lára gbogbo ohun tí ó rọ lẹ́yìn náà. Nígbà ogun àgbáyé kìíní ó ṣe ẹ́ńjìnnì fún ọkọ̀ òfurufú ìjà. Nígbà tí ogun sì parí, ní 1919, ó dá Bentley Motors sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ dó sí Cricklewood ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1921 ni oníbàárà àkọ́kọ́ gba ọkọ̀ rẹ̀.

Ṣásí ni Cricklewood ń tà. Oníbàárà ni yóò yan ẹni tí yóò dáṣọ fún un: Vanden Plas, tí ó kan bọ́dì tí ó lé ní 600 fún Bentley, tàbí H. J. Mulliner, tàbí Gurney Nutting, tàbí Freestone & Webb, tàbí Park Ward, olúkúlùkù pẹ̀lú ọwọ́ tirẹ̀, bí a ti í mọ ọwọ́ ahunṣọ Ìṣẹ́yìn yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ṣùgbọ́n kí ṣásí tó kúrò ní Cricklewood ni wọ́n ti tẹ nọ́mbà mọ́ ọn lára, irú bí BA2592 tàbí LB2332. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé iṣẹ́ yìí sì wo ilé: lẹ́tà méjì ìṣáájú ń sọ inú ọ̀wọ́ tí a bí ọkọ̀ sí, nọ́mbà ẹ̀yìn ń sọ ipò rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ fi ti ilé wa ṣe àpèjúwe, nọ́mbà ṣásí ni orúkọ àmútọ̀runwá. Nọ́mbà ojú pópó, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ fún un tí a kọ sí pátákó iwájú àti ẹ̀yìn, ni orúkọ àbísọ. Orúkọ tí àwọn olólùfẹ́ fi ń ké sí i, bí Old Number One, ni oríkì. Ọmọ lè jẹ́ orúkọ àbísọ mẹ́ta, oríkì rẹ̀ sì lè yí padà bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ akin, ṣùgbọ́n Táíwò kò lè di Kẹ́hìndé.

Ohun mìíràn tún wà tí W.O. ṣe, tí ó ṣeé ṣe kí òun alára má mọ bí yóò ti ṣe pàtàkì tó. Ó ṣe ìlérí ọdún 5 lórí ṣásí kọ̀ọ̀kan, pé bí ó bá bàjẹ́ láàárín àkókò náà, ilé iṣẹ́ ni yóò tún un ṣe. Ẹni tí ó bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ kò lè mú un ṣẹ láìkọ nǹkan sílẹ̀: ta ni ó ra á, ìgbà wo ni ó dé fún àtúnṣe, kí ni a yọ, kí ni a fi sí i. Báyìí ni ìwé àtúnṣe fi wà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ó ń kó eruku jọ lórí pẹpẹ, tí kò sẹ́ni tí ó rò pé yóò di ìwé ìtàn.

Ní ti ògo ojú pápá, òkìkí rẹ̀ kàn débi tí n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bentley gba ìdíje wákàtí 24 ní Le Mans ní ilẹ̀ Faransé lẹ́ẹ̀marùn-ún: ní 1924, àti láti 1927 títí dé 1930. Woolf Barnato, ọmọ olówó dáyámọ́ńdì, ẹni tí ó di alága ilé iṣẹ́ náà ní 1926 nítorí pé owó rẹ̀ ni ó gbé e ró, wọ ìdíje náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ògo kò sanwó òṣìṣẹ́. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé, tí Barnato sì ká owó rẹ̀ kò, ilé iṣẹ́ náà ṣubú ní 1931, Rolls-Royce sì fi orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn bojú rà á. Gbogbo ọkọ̀ tí Cricklewood rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lé díẹ̀ ní 3,000. Nínú èyí tí ó tóbi jù, 8 Litre, 100 péré ni ó jáde, nígbà tí 4 Litre tí ó tẹ̀lé e jẹ́ 50.

1936: Awakọ̀ Ni Wọ́n Pe Ara Wọn

Rolls-Royce bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bentley mìíràn ní Derby ní 1933. Ọkọ̀ tí ó dára ni, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ W.O., W.O. fúnra rẹ̀ sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Lagonda ní 1935. Àwọn ọkọ̀ Cricklewood wá di ọmọ òrukàn. Wọ́n tóbi, wọ́n ń mu epo bí ọ̀mùtí ti ń mu ẹmu, aláṣà sì ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò rí owó ra ọkọ̀ tuntun lè rí ọkọ̀ tí ó jọ èyí tí ó gba Le Mans rà ní iye tí kò tó nǹkan. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà wà fún, ẹni tí ó nílò ẹni tí yóò sọ ibi tí irinṣẹ́ gbé wà fún un, àti ẹni tí yóò bá a jókòó sọ̀rọ̀ irin títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹ kíyè sí orúkọ tí wọ́n yàn. Wọn kò pe ara wọn ní ẹgbẹ́ àwọn tí ó ni Bentley. Awakọ̀ ni wọ́n pe ara wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà, tí ó fẹ́ràn Rolls-Royce, dá ti wọn sílẹ̀ ní 1951, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ni wọ́n sì pè é. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ ni. Ní ojú àwọn ará 1936, ọkọ̀ tí a kò wà kì í ṣe ọkọ̀, bí ìlù tí a gbé kọ́ ara ògiri kì í ti í ṣe ìlù.

Ìdí nìyí tí wọn kò fi ka ìyípadà sí ẹ̀ṣẹ̀. Forrest Lycett, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà, gbé 8 Litre rẹ̀ fún McKenzie, ògbóǹtarìgì mẹkáníìkì, pé kí ó dín ìwọ̀n rẹ̀ kù kí ó sì fún ẹ́ńjìnnì ní agbára kún agbára, ó sì ń fi í sáré kiri ilẹ̀ Yúróòpù bí ẹni tí Ṣàngó ń lé. Ní 1959, ní Belgium, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti di arúgbó, ó fi ọkọ̀ náà sáré kọjá 140 máìlì ní wákàtí kan. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè pé ṣé bí ọkọ̀ náà ti kúrò ní Cricklewood ni ó ṣe wà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ọmọ wọn wá ń kà sí wọn lọ́rùn lónìí, oyè ni ó jẹ́ ní ìgbà tiwọn.

Ogun, Ayùn àti Àlàáfíà

Ogun 1939 dé, ìjọba fi òṣùwọ̀n sí epo, ọkọ̀ ńlá sì di ẹrù. Òmíràn wọ ilé ìṣọ́ ẹran lọ, tí adìyẹ ń yé sórí ìjókòó rẹ̀. Òmíràn bá ọ̀nà àwọn tí ń kó irin jọ lọ. A gé ẹ̀yìn òmíràn kúrò, ó di ọkọ̀ tí ń fa ọkọ̀ tí ó bàjẹ́. Nígbà tí àlàáfíà padà, ẹgbẹ́ náà jí. W.O. gbà láti jẹ́ baba ìsàlẹ̀ fún wọn. Láti 1948 ni wọ́n sì ti ń ṣe ìdíje ọdọọdún wọn ní pápá ìdíje ọkọ̀ Silverstone.

Àkókò yìí ni ayùn wọlé, ibí yìí sì ni gbogbo wàhálà àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú bọ́dì ayé 1920 ni a fi ìlànà Weymann ṣe: igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni egungun rẹ̀, aṣọ tí a fi ọ̀rá dì ni awọ rẹ̀. Ó fúyẹ́, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ti rọ̀ lé e lórí fún 20 ọdún, igi a jẹrà, aṣọ a ya. Ẹni tí ó bá ra ayọ́kẹ́lẹ́ báyìí tí bọ́dì rẹ̀ ti di àkísà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: a ya bọ́dì náà dànù, a kan òmíràn tí kò ní òrùlé, irú èyí tí Vanden Plas ṣe fún àwọn ọkọ̀ Le Mans, bí ṣásí bá sì gùn jù fún aṣọ tuntun náà, a fi ayùn gé e kúrú. Bọ́dì tí a yọ lè lọ sórí ṣásí mìíràn. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan lè wọ inú òmíràn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo lè kú kí ó sì bí méjì, ọ̀kan ní egungun rẹ̀, èkejì ní pátákó nọ́mbà rẹ̀, olúkúlùkù sì ń sọ pé òun ni àrólé.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí mo bá rí àwòrán irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ọ̀dà ewéko wọn ń dán, tí bẹ́líìtì awọ sì so iwájú wọn pọ̀: aṣọ àgbà ni wọ́n wọ̀ lóòótọ́, àkísà wọn dà?

Ìwé Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Sọ̀rọ̀

Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Bí ìgbà Lycett ti jẹ́ ìgbà eré sísá, ìgbà Stanley Sedgwick, ẹni tí ó darí ẹgbẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun, ni kálámù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò. Kì í ṣe pé Sedgwick kì í sáré, ó ń sáré dáadáa. Ṣùgbọ́n ó rí ohun tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kò rí, pé bí àwọn arúgbó ti ń kú, tí W.O. sì ti fi ayé sílẹ̀ ní 1971, ẹni tí ó lè sọ pé ojú mi báyìí ni ó ṣe ń dín kù. Ní 1976 ni ẹgbẹ́ náà tẹ ìwé rẹ̀ jáde, All the Pre-War Bentleys – As New, tí ó to gbogbo Bentley tí a ṣe kí ogun tó dé lẹ́sẹẹsẹ, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti rí ní ọjọ́ tí a bí i.

Ọ̀rọ̀ méjì ìkẹyìn àkọlé yẹn wúwo. Sedgwick kò kọ bí ọkọ̀ ṣe wà ní 1976; bí a ti bí i ni ó kọ, àní ìwé ìkómọjáde. Ọdún 10 lẹ́yìn náà, ní 1986, ni Michael Hay mú Bentley: The Vintage Years jáde, èyí tí mo lè pè ní ìwé ìkànìyàn: nọ́mbà ṣásí, nọ́mbà ẹ́ńjìnnì, nọ́mbà ojú pópó, ẹni tí ó kan bọ́dì, ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á, àti ipò tí ọkọ̀ náà wà nísinsìnyí, bí a bá ti gé ṣásí rẹ̀, bí bọ́dì rẹ̀ bá jẹ́ tuntun. Ẹni tí ó bá gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lè wo ọkọ̀ kan láti ọjọ́ ìkómọ títí dé ogbó rẹ̀, kí ó sì rí gbogbo ibi tí irọ́ ti gba wọlé.

Báwo ni a ṣe ń tún irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ẹ̀rí mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n máa ń fi kanra. Wọn a wo ìwé àtúnṣe Cricklewood. Wọn a wo ìwé ìjọba ìbílẹ̀ tí ó fún ọkọ̀ ní nọ́mbà. Wọn a wá fọ́tò àtijọ́, bóyá ti ìgbéyàwó kan tí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ hàn lẹ́yìn ìyàwó tí pátákó nọ́mbà rẹ̀ sì ṣeé kà. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá dojú kọ irin alára, nítorí kì í ṣe ojú kan ṣoṣo ni a tẹ nọ́mbà sí, àwọn ẹ̀yà mìíràn náà ní òǹtẹ̀ tiwọn. Nígbà mìíràn a rí i pé akọ̀wé kan ni ó ṣèèṣì kọ nọ́mbà ẹ́ńjìnnì síbi tí ó yẹ kí nọ́mbà ṣásí wà. Nígbà mìíràn, ọdún ni ó yàtọ̀: ṣásí jáde ní ìparí ọdún kan, akanbọ́dì sì pa á mọ́ sọ́dọ̀ títí ọdún kejì fi wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni èyí. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ti fi oṣù mẹ́ta rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí pé ẹni tí ó kọ pátíkúlà tòkunbọ̀ mi sọ lẹ́tà B di 8. Lójú ìwé, ọkọ̀ tí mo jókòó sínú rẹ̀ kò sí láyé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba alára ni ó wá sọ iṣẹ́ yìí di kànńpá. Ìwé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń mọ ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti 1974 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Swansea, sínú kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ àtijọ́ tí a kò bá sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kí 1983 tó parí pàdánù nọ́mbà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ń sùn nínú ilé ìṣọ́ ẹran ni kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ṣí ọ̀nà àbáyọ kan, tí a mọ̀ sí V765 nítorí nọ́mbà fọ́ọ̀mù rẹ̀: oníọkọ̀ lè gba orúkọ àbísọ ọkọ̀ rẹ̀ padà bí ẹgbẹ́ tí ìjọba mọ̀ bá wo ìwé àti irin, tí ó sì buwọ́ lù ú pé bẹ́ẹ̀ ni. Bentley Drivers Club wà lára irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn awakọ̀ di ẹlẹ́rìí.

Ọkọ̀ Tí Kò Sáré Tí Ó Gba Oríyìn

Bí ènìyàn bá ní kí n mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tí ó fi iṣẹ́ yìí hàn, ìtàn Blue Train ni n ó mú. Ní oṣù Kẹta 1930, ní ìlú Cannes ní etí òkun Faransé, Barnato ta 100 pọ́n-ùn pé kí ọkọ̀ ojú irin tí à ń pè ní Blue Train tó gúnlẹ̀ sí Calais, òun yóò ti fi Bentley Speed Six òun dé ilé ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ òun ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 13 ni ó gbéra, òun àti Dale Bourn tí ó ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò pa wọ́n, kùrukùru bò wọ́n, táyà wọn bẹ́. Wọ́n gba ọkọ̀ ojú omi kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Barnato sì wọ ilé ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ rẹ̀ ní St James's Street ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìṣẹ́jú 4 kí ọkọ̀ ojú irin náà tó dé Calais.

Ìran tí ó tẹ̀lé e mọ ọkọ̀ tí ó sáré náà, tàbí wọ́n rò pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ayọ́kẹ́lẹ́ Gurney Nutting kan ni, tí òrùlé rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí fìlà tí a fà bojú, tí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ gba ẹnì kan ṣoṣo ní ìkọ́kọ̀ọ̀. Terence Cuneo yàwòrán rẹ̀ níbi tí ó ti ń bá ọkọ̀ ojú irin du ọ̀nà. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e. Barnato fúnra rẹ̀ sì ti fi orúkọ eré náà pe ọkọ̀ yìí ní ìrántí. Ta ni yóò ṣiyè méjì?

Nọ́mbà ni ó ṣiyè méjì. Ṣásí HM2855, tí ó wọ bọ́dì Gurney Nutting náà, oṣù Karùn-ún 1930 ni a tó fi lé Barnato lọ́wọ́, oṣù méjì lẹ́yìn tí eré ti parí. Ọkọ̀ tí a kò tíì bí kò lè sáré. Èyí tí ó sáré gan-an ni BA2592, ayọ́kẹ́lẹ́ onílẹ̀kùn mẹ́rin láti ọwọ́ H. J. Mulliner, aláṣọ Weymann, tí ìrísí rẹ̀ dà bí ti dókítà àgbà tí ń lọ wo aláìsàn. Kò lẹ́wà tó láti ru òkìkí, nítorí náà àwọn ènìyàn bọ́ òkìkí lọ́rùn rẹ̀, wọ́n fi kọ́ èyí tí ó lẹ́wà lọ́rùn. Barnato kú ní 1948, kò sì sí ẹni tí a lè bi. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ní ti Blue Train, ó ju ogún ọdún méjì lọ dáadáa, ojú ìwé kan ní Cricklewood sì ni òtítọ́ fi lé e bá.

Ẹ má ṣe rò pé mò ń bú Barnato. Ẹni tí ó bá sọ ọmọ rẹ̀ ní Ogundélé kò sọ pé ọmọ náà jagun. Àwa olùgbọ́ ni a pa orúkọ pọ̀ mọ́ iṣẹ́.

Ẹjọ́ Mílíọ̀nù 10 Pọ́n-ùn

Fún ìgbà pípẹ́, ìgbéraga lásán ni àríyànjiyàn nọ́mbà ń dá sílẹ̀. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980, iye Bentley àtijọ́ gun òkè, owó sì wọ inú ọ̀rọ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹni tí ó bá fi pátákó nọ́mbà kan àti bọ́ọ̀tì mẹ́ta kọ́ odindi ọkọ̀ lè rí olùrà tí yóò sanwó ilé fún un.

Old Number One ni ó gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga Lọ́ńdọ̀nù. Speed Six yìí, tí ṣásí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ LB2332, ni ó gba Le Mans ní 1929, tí ó tún gbà á ní 1930. Wọ́n tún un kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì 8 Litre sí i. Ní 1932 ni Clive Dunfee fi í sáré ní pápá ìdíje ọkọ̀ Brooklands, tí ó ré kọjá etí ọ̀nà, tí ó sì pàdánù ẹ̀mí rẹ̀. Wọ́n tún tún un kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá di ayọ́kẹ́lẹ́ onílẹ̀kùn méjì. Ní 1990, ẹni tí ó ni ín tà á fún ilé iṣẹ́ kan ní mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn, ilé iṣẹ́ náà sì yí ohùn padà pé ọkọ̀ tí wọ́n ṣèlérí fún òun kọ́ nìyí.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú adájọ́, Otton, ṣe kókó tó bẹ́ẹ̀ tí n ó fi fẹ́ kí àwọn àgbà ilé wa bá wa dá sí i: bí a bá pààrọ̀ ọ̀pá ọkọ́ baba ẹni lónìí, tí a pààrọ̀ irin rẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, ṣé ọkọ́ baba ẹni ṣì ni? Adájọ́ rí i pé nínú ohun tí ó sáré ní 1929, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí ó ṣẹ́kù. Ti 1930, díẹ̀. Síbẹ̀ ó dá oníọkọ̀ láre. Ìdí rẹ̀ ni pé ìgbésí ayé ọkọ̀ náà kò já níbì kankan: kò sí ọjọ́ kan tí ó kú tí ẹlòmíràn wá jí orúkọ rẹ̀ gbé, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn láyé tí ó lè jẹ́ orúkọ náà. Ọba wàjà, òmíràn jẹ, adé kò kúrò láàfin. Àwọn kan nínú àwọn olùfẹ́ Bentley kò tíì gba ìdájọ́ yìí dénú títí di òní. Ní tèmi, mo rò pé adájọ́ náà gbọ́ èdè irin.

Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé ìwé ni ó gba ẹjọ́ náà là. Bí kò bá sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ tí a yọ nǹkan kan àti ọjọ́ tí a fi òmíràn sí i, ta ni ìbá mọ̀ pé ìgbésí ayé náà kò já?

Wroxton Lónìí

Wroxton, nítòsí Banbury ní Oxfordshire, ni ẹgbẹ́ náà fi ṣe ibùjókòó, nínú ilé tí a kọ́ ní ìrántí W.O., níbi tí àwọn ìwé, fọ́tò àti àkọsílẹ̀ ọkọ̀ Cricklewood wà lábẹ́ ìtọ́jú àjọ ìrántí rẹ̀. Kò jìnnà sí ibẹ̀, ní Paulerspury ní Northamptonshire, ni ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ Rolls-Royce ti ń tọ́jú ìwé ṣásí Rolls-Royce àti ti àwọn Bentley tí a ṣe lẹ́yìn Cricklewood. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ń kọ̀wé sí wọn kí ó tó na owó rẹ̀; ẹni tí ó fẹ́ ta á náà ń kọ̀wé, inú rẹ̀ kì í sì í dùn nígbà gbogbo sí èsì.

Ìdíje Silverstone kò dúró o, àwọn ọkọ̀ náà sì ń rin ìrìn àjò jíjìn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn kan ń ráhùn, pé ìwé ti lé awakọ̀ kúrò nídìí ọkọ̀. Pé nítorí nọ́mbà tí ó pé, ọkọ̀ tí W.O. rọ fún òjò àti ẹrẹ̀ wá ń sùn lábẹ́ aṣọ funfun bí òkú ọlọ́lá. Ìráhùn náà kì í ṣe asán. Síbẹ̀ n kò gbà pé ìwé ni ó jẹ̀bi, owó ni. Ìwé kò ní kí ẹnikẹ́ni má gé ṣásí, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má kan bọ́dì tuntun. Ohun tí ó ní kò ju pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé a gé e, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé tuntun ni. Lycett ìbá buwọ́ lù ú láìjanpata.

Ìwọ náà tí ń ka èyí, bí pátíkúlà ọkọ̀ baba rẹ bá wà nísàlẹ̀ àpótí nílé, ì báà ṣe ti bọ̀gìnnì, ì báà ṣe ti bọ́lẹ̀kájà, tàbí bí fọ́tò kan bá wà tí ẹbí dúró ti ọkọ̀ tí nọ́mbà rẹ̀ ṣì hàn, jọ̀wọ́ má ṣe jù ú nù nígbà tí ẹ bá ń tún ilé ṣe. Yí fọ́tò náà padà, kí o kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, ọdún tí a yà á àti ìlú tí a ti yà á sí ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó lè sọ ọ́ fún ọ ṣì wà láyé.